Àgbàrá Òjò, Kọ̀ǹpútà àti Ìbéèrè Kádàrá

Ìkún-omi wà lára àwọn àjálù tí ènìyàn tètè máa ń kà sí iṣẹ́ Ọlọ́run. Òkè ni òjò ti ń wá, kò sì sí ẹni tó lè ní kó má rọ̀. Nígbà tí omi bá gbé ilé àti ẹ̀mí lọ, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu oníwàásù, aládùúgbò àti olóṣèlú ni pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n irú ìmọ̀ kan ti ń gbilẹ̀ láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí lè parí ẹjọ́ mọ́. Sátẹ́láìtì ń ya àwòrán gbogbo ibi tí omi bò, kọ̀ǹpútà sì ń ṣírò ibi tí omi yóò dé kí òjò tó rọ̀. Bí a bá lè nàka sí ilé tí omi yóò wọ̀ ṣáájú kí omi tó wọ̀ ọ́, èwo nínú ìjàǹbá náà ló kù tí a lè pè ní kádàrá, èwo sì ni ti ọwọ́ ènìyàn?

Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ń ya máàpù ìkún-omi: ibi tí omi ti dé rí, bí ilẹ̀ ṣe ga sí, àti bí omi tó ń bọ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Ní ti àkọ́kọ́, àwọn sátẹ́láìtì Landsat ti Amẹ́ríkà ti ń ya àwòrán ilẹ̀ ayé láti 1972, àmọ́ ìkùukùu máa ń dí wọn lójú, ìgbà òjò gan-an sì ni ìkùukùu ń pọ̀ jù. Sentinel-1, tí ilẹ̀ Yúróòpù fi ránṣẹ́ sójú òfuurufú ní 2014, kò ní ìṣòro yìí. Rédà ló ń lò: ó ń rán ìgbì sí ilẹ̀, ó sì ń gba èyí tó bá ta padà, bóyá ojú ọjọ́ mọ́ tàbí ó ṣú, bóyá ọ̀sán ni tàbí òru. Ojú omi tó pa rọ́rọ́ kì í dá ìgbì náà padà síbi tó ti wá, nítorí náà ibi tí omi bò máa ń dúdú nínú àwòrán. Ní ti ìkejì, ọkọ̀ gbalasa òfuurufú Endeavour fi ọjọ́ mọ́kànlá wọn bí ilẹ̀ ṣe ga sí ní oṣù kejì ọdún 2000, ìwọ̀n náà sì kárí nǹkan bí ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ayé. Ní ti ìkẹta, àwọn sátẹ́láìtì mìíràn ń díwọ̀n òjò, a sì ń fi ìwọ̀n omi tí wọ́n ń kà ní bèbè odò kún un níbi tí irú rẹ̀ bá wà.

Kọ̀ǹpútà ló ń so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ó ń pín ilẹ̀ sí àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké, ó sì ń ṣírò iye omi tó wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan àti iye tó jáde, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó àti bí koríko, òkúta tàbí ilé ṣe ń dí omi lọ́nà. Òfin tó ń tẹ̀ lé kì í ṣe tuntun. Barré de Saint-Venant, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1871. Ẹ̀rọ tí yóò bá a ṣe ìṣirò náà ni kò sí nígbà ayé rẹ̀. Ọ̀nà tó dé kẹ́yìn yàtọ̀ sí èyí. Wọ́n ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka àkọsílẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún odò, kó sì fúnra rẹ̀ kọ́ bí òjò ṣe ń di ìkún-omi. Ní 2024, àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún Google tẹ àbájáde irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n fi hàn pé ìkìlọ̀ tí ẹ̀rọ wọn ń ṣe ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ṣeé gbára lé tó èyí tí ètò àgbáyé tó wà tẹ́lẹ̀ ń ṣe ní ọjọ́ náà gan-an. Àwọn odò tí kò sí ẹni tó ń wọn omi wọn ló jẹ èrè rẹ̀ jù, irú wọn ló sì pọ̀ jù ní Áfíríkà.

Irú ìmọ̀ wo wá ni èyí? Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípò, tí wọ́n kọ́ni ní ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní Ifẹ̀, ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn Yorùbá, wọ́n sì gbé e jáde ní 1986. Wọ́n rí i pé àwọn oníṣègùn náà kì í ka ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí àti ohun tí wọ́n kàn sọ fún un sí ọ̀kan náà. Èyí tí ojú rí ni ìmọ̀. Èyí tí a gbọ́, bó ti wù kí ẹni tó sọ ọ́ jẹ́ olóòótọ́ tó, ìgbàgbọ́ ni títí dìgbà tí a bá dán an wò. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn máàpù ìkún-omi, apá méjì ni yóò pín sí. Àwòrán tí rédà yà lẹ́yìn tí omi ti dé súnmọ́ ohun tí ojú rí. Èyí tí kọ̀ǹpútà sọ nípa omi tí kò tíì dé, ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ ni, ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣeé gbára lé. Ìdánwò ló lè gbé e kúrò ní ipò yẹn: kí òjò rọ̀, kí omi dé, kí wọ́n fi àwòrán rédà yẹ ìṣirò wò, kí wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Ìṣirò náà kì í sì í sọ pé dandan ni. Nígbà tí wọ́n bá ní ibì kan wà lójú ọ̀nà ìkún-omi ọlọ́gọ́rùn-ún ọdún, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé bí omi bá ti dé lónìí, ó di ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó padà wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé lọ́dọọdún, ìdá kan wà nínú ọgọ́rùn-ún pé omi náà lè dé, ì báà jẹ́ pé ó ti dé lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó bá fi ọgbọ̀n ọdún gbé ibẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún pé yóò kàn án, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ewu ni máàpù ń sọ. Kò sọ ẹni tí omi yóò gbé tàbí ọjọ́ tí yóò gbé e.

Ìjà lórí ọwọ́ Ọlọ́run àti ọwọ́ ènìyàn ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1755, ilẹ̀ mì tìtì ní Lisbon, olú-ìlú Pọtugí, òkun ru wọ ìlú, iná sì jó èyí tó kù. Voltaire, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ewì lórí rẹ̀ láti ta ko àwọn tó ń sọ pé bí ayé ṣe rí ló dára jù. Rousseau, onímọ̀ ọgbọ́n orí, fi lẹ́tà fèsì ní 1756. Ó ní kì í ṣe ayé ló kó ilé alájà mẹ́fà sí méje tó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún jọ sójú kan, àti pé ká ní àwọn ènìyàn tàn ká ni, òfò náà ì bá kéré. Rousseau kò ní iye kankan tó lè fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Àwọn sátẹ́láìtì ti wá ní in. Ìwádìí kan tó jáde nínú Nature ní 2021 yẹ ìkún-omi 913 wò, láti 2000 sí 2018. Ó rí i pé láàárín 2000 sí 2015, àwọn ènìyàn tó ń gbé níbi tí omi ti bò rí fi mílíọ̀nù 58 sí 86 pọ̀ sí i. Omi wá bá ènìyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn náà ń lọ bá omi.

Ìgbàgbọ́ Yorùbá kò fi kádàrá sílẹ̀ fún ìjókòó tẹtẹrẹ. Òótọ́ ni pé a gbà pé ènìyàn yan orí kó tó wáyé. Ṣùgbọ́n Wándé Abímbọ́lá, ọ̀mọ̀wé nípa Ifá, ti ṣàlàyé láti inú Ifá pé orí rere kò tó, ẹsẹ̀, tí í ṣe akitiyan ẹni, gbọ́dọ̀ bá a rìn. Ìdí tí ènìyàn fi ń lọ sọ́dọ̀ babaláwo gan-an fi èyí hàn. Bí ohun tó ń bọ̀ kò bá ṣeé yí padà, kò sí ohun tí ìkìlọ̀ yóò ṣe, kò sì sí ìdí fún ẹbọ. Ẹni tí a kìlọ̀ fún tó kọ̀ tí kò rúbọ, orí kọ́ ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi fún un. Òwe àwọn àgbà sì ti dá ẹjọ́ ìkún-omi tipẹ́: àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un.

Àwọn ẹ̀sìn méjì tó dé lẹ́yìn náà kò ta ko èyí. Nínú Bíbélì àti nínú Kùránì, Ọlọ́run ló fúnra rẹ̀ rán ìkún-omi ìgbà ayé Nóà, síbẹ̀ ìkìlọ̀ ṣáájú omi, iṣẹ́ ọwọ́ ló sì gba àwọn tó là là. Pé Ọlọ́run ló rán an kò sọ kíkan ọkọ̀ di àìnígbàgbọ́. Àwọn Mùsùlùmí náà mọ ìtàn ẹni tó bi Ànábì bóyá kóun so ràkúnmí òun tàbí kóun fi í sílẹ̀ kóun sì gbára lé Ọlọ́run. Ànábì ní kó so ó ná, kó tó gbára lé Ọlọ́run. Ohun tí máàpù fi kún un ni pé ìkìlọ̀ kò sọ̀kalẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní íńtánẹ́ẹ̀tì lè rí i.

Ìlú Ìbàdàn jẹ́ ibi tí a ti lè yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ẹ̀mí tó bá a lọ sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Odò náà ti ya rí ṣáájú ìgbà yẹn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, òjò tó lé ní 180 mílímítà dà sórí ìlú náà ní wákàtí díẹ̀. Omi wó afárá àti ilé, àwọn tó kú sì tún lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó igba mílíọ̀nù dọ́là fún ètò tó wà fún bíbójú tó ìkún-omi nílùú náà. Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, ti sọ pé àìmọ̀ lè yọ ènìyàn nínú ẹ̀bi, àyàfi tó bá jẹ́ pé àìbìkítà òun fúnra rẹ̀ ló fa àìmọ̀ náà. Bí a bá gbà fún àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́lé sí bèbè Ògùnpa pé wọn kò mọ̀, kò sí bí a ṣe lè gbà fún aláṣẹ tó bá fọwọ́ sí ilé tuntun níbẹ̀ lẹ́yìn 1980.

Síbẹ̀, ewu wà nínú kí máàpù di ohun ìdálẹ́bi lásán. Èkíní ni pé owó ló ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn dé ilẹ̀ àkúrọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ni agbára wọn ká, ibẹ̀ ló sì súnmọ́ ọjà àti ibi iṣẹ́ wọn. Láti sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé máàpù ti kìlọ̀ fún un láìfi ibòmíràn hàn án, ìyà méjì ni. Bí wọ́n bá sì fi máàpù náà lé e kúrò, tí ilé olówó wá rọ́pò tirẹ̀ lórí ilẹ̀ kan náà, a jẹ́ pé wọ́n ti fi ìmọ̀ bo ìrẹ́jẹ lójú.

Èkejì ni pé máàpù kò ríran dọ́gba níbi gbogbo. Sentinel-1 kan lè lo ọjọ́ méjìlá kó tó padà sójú kan náà, ìkún-omi ìgboro sì lè wá kó sì fà láàárín wákàtí mélòó kan. Láàárín ilé tó fún mọ́ra, ìgbì rédà ń gbá ara ògiri, omi ojú títì kì í sì í hàn dáadáa. Ìwọ̀n tí Endeavour ṣe ní 2000 ka orí òrùlé àti orí igi mọ́ gíga ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ní etíkun bíi ti Èkó, mítà kan péré lè ya ibi gbígbẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ibi tí omi bò. Gọ́tà tí pàǹtírí dí kò sí nínú ìṣirò àyàfi bí ẹnì kan bá lọ wò ó. Ẹni tí kò bá rí àdúgbò rẹ̀ lórí máàpù lè sùn lé àbò tí kò sí, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ìkìlọ̀ tó já sí òfo ti sú lè kọtí ikún sí èyí tó jẹ́ òótọ́.

Nítorí náà, ẹ̀bi ìkún-omi kò sí lọ́rùn ẹnì kan ṣoṣo, bí ìmọ̀ àti agbára oníkálukú ṣe tó ni ìpín rẹ̀ ṣe tó. Ẹni tó ya máàpù jẹ gbèsè òtítọ́: kó sọ ohun tó mọ̀, kó sì sọ ibi tí ojú rẹ̀ kò dé. Ìjọba tó gba máàpù jẹ gbèsè ìṣe, nítorí òun ló ní àṣẹ lórí ilẹ̀, gọ́tà àti owó ìlú. Ẹni tó wà lókè odò jẹ gbèsè ìkìlọ̀ fún ẹni tó wà nísàlẹ̀. Bí dáàmù Ọ̀yán bá tú omi sílẹ̀, àwọn tó wà lẹ́bàá odò Ògùn títí dé Ìṣẹ́rí ni yóò gbà á. Bí dáàmù Lagdo ní Kamẹrúùnù bá tú tirẹ̀, odò Bẹ́núè ló ń gbé e wọ Nàìjíríà. Dáàmù Dasin Hausa tó yẹ kó gbà á dúró kò tíì parí nígbà tí ìkún-omi 2022 pa àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀ta ní orílẹ̀-èdè náà. Olùgbé jẹ gbèsè kó má dí ojú àgbàrá, kó sì sá nígbà tí wọ́n bá ní kó sá. Gbèsè tirẹ̀ ló kéré jù, òun ni ìyà náà sì ń kọ́kọ́ jẹ.

Ohun kan kù tí ìṣirò kò lè gbà lọ́wọ́ kádàrá. Edward Lorenz, onímọ̀ nípa ojú ọjọ́, fi hàn ní 1963 pé ìyàtọ̀ tó kéré jọjọ nínú bí afẹ́fẹ́ ṣe rí lónìí lè di ìyàtọ̀ ńlá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Kò sí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè lágbára tó, kò ní lè sọ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú pé ọjọ́ báyìí ni ẹ̀kún òjò yóò rọ̀. Àmọ́ òjò náà pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn pátápátá mọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n Celsius kan gbóná sí i, ó lè gba nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún omi sí i, ènìyàn ló sì ń mú un gbóná. Onígbàgbọ́ lè sọ láìparọ́ pé Ọlọ́run ló ni òjò. Ibi tí òjò bá dé sí, ẹni tó bá níbẹ̀, àti bóyá wọ́n kìlọ̀ fún ẹni náà kó tó dé, ọwọ́ ènìyàn ló wà, ènìyàn ló sì gbọ́dọ̀ jíhìn rẹ̀.