Odi Kò Lè Gba Ọba Lọ́wọ́ Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, bí Ọlọ́run bá fi odi yí ènìyàn ká, ṣé ibi ṣì lè bá a nínú odi náà? Ìbéèrè yìí ò rọrùn. Ìtàn àròsọ kan ni mo fẹ́ ká fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn ọ̀dọ́ wa mọ J. R. R. Tolkien nítorí fíìmù The Lord of the Rings tí wọ́n fi ìwé rẹ̀ ṣe. Ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, lọ́dún 1977, ìwé rẹ̀ mìíràn jáde, The Silmarillion. Níbẹ̀ la ti kà nípa Doriath, ìjọba kan láàárín igbó, àti Menegroth, olú-ìlú rẹ̀. Àwọn elf ló ń gbé ibẹ̀. Ẹ má rò pé irú iwin tí ń dẹ́rù ba ọdẹ nínú ìwé Fágúnwà ni wọ́n o. Ẹ̀dá tó lẹ́wà, tó gbọ́n, tí ogbó kì í pa ni wọ́n.

Inú àpáta létí odò ni wọ́n gbẹ́ Menegroth sí. Àwọn aràrá tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ló bá wọn ṣe é, wọ́n sì gbẹ́ àwọn òpó rẹ̀ bí igi igbó. Melian ayaba wá fi agbára rẹ̀ ṣe odi tí ojú ò rí yí igbó náà ká. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ju tirẹ̀ lọ kò lè wọlé láìgba àṣẹ. Ogun ń jà níta, àlàáfíà wà nínú.

Báwo wá ni ìlú náà ṣe bàjẹ́? Ọ̀rọ̀ owó orí ìyàwó ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọmọ ènìyàn kan, Beren, fẹ́ràn Luthien ọmọ ọba. Thingol ọba ò fẹ́ fún un, ló bá ní kó lọ mú òkúta iyebíye kan, Silmaril, wá láti ara adé Morgoth, ọ̀tá gbogbo wọn. Ó rò pé ikú ni yóò pàdé lọ́nà. Melian kìlọ̀ fún ọba, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Nígbẹ̀yìn, òkúta náà dé ọwọ́ ọba, ọkàn rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn. Melian ní kó jọ̀wọ́ rẹ̀. Kò gbà.

Ó pe àwọn aràrá alágbẹ̀dẹ wọlé kí wọ́n fi òkúta náà sára ẹ̀gbà ọrùn kan. Wọ́n ṣe é tán, àwọn náà ṣe ojúkòkòrò sí i. Wọ́n ní àwọn baba àwọn ló ṣe ẹ̀gbà náà. Ọba bú wọn, ó ní kí wọ́n máa lọ láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n pa á síbẹ̀, nísàlẹ̀ ààfin ara rẹ̀. Ìbànújẹ́ mú kí Melian fi ìlú sílẹ̀, odi náà sì di àwátì. Ogun àwọn aràrá wọlé, wọ́n kó Menegroth.

Apànìyàn ni wọ́n, mi ò gbè sẹ́yìn wọn. Àmọ́ ẹ kíyè sí i: àwọn tó pa ọba ò já odi kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló pè wọ́n wọlé. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ọ́.

Ẹnìkan lè ní, kí wá ni odi wúlò fún? Ó wúlò. Ó ń dí ẹni ìta lọ́wọ́. Ohun tí kò lè ṣe ni kó yí ọkàn ẹni inú padà. Àwa náà ń gbàdúrà ògiri iná, a sì ń ṣe géètì onírin sílé. Ṣùgbọ́n bíríkìlà tó mọ fẹ́ǹsì náà, ṣé a ti san owó rẹ̀ tán? Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń ṣí géètì, irú ọ̀rọ̀ wo là ń sọ sí i? Jákọ́bù kìlọ̀ nínú ìwé rẹ̀ pé Ọlọ́run ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Èyí tó le jù níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ọba nìkan ló jìyà. Kí ni ará ìlú ṣe? Ákánì fi ohun tó jí pamọ́ sínú àgọ́, nǹkan bí ọkùnrin 36 ló kú ní Áì. Bí ojúkòkòrò olórí ilé ṣe rí nìyẹn: àwọn tí kò tọ́ ọ wò máa ń bá a san gbèsè rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí dá ẹni tí ibi bá lẹ́jọ́. Jésù ò gbà kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú. Ara ẹni ni ká yẹ̀ wò.

Ká tó gbàdúrà ààbò lálẹ́ òní, kí oníkálukú bi ara rẹ̀: kí ló wà lọ́wọ́ mi tí mi ò lè jọ̀wọ́ ẹ̀? Ta ni mo jẹ lówó iṣẹ́? Ẹni tó bá rí ìdáhùn, kó kọ́kọ́ lọ san án, kó tó wá kúnlẹ̀. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.