Ọkọ̀ Ògbólógbòó, Pákó Tuntun

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Gíríìsì ti ń jiyàn lórí ọkọ̀ kan, èyí tí Plutarch kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, pé àwọn ará Átẹ́ńsì tọ́jú ọkọ̀ ọlọ́gbọ̀n àjẹ̀ tí akọni wọn Theseus fi ti Kírétè bọ̀, wọ́n ń yọ pákó tí ó bá jẹrà, wọ́n ń fi èyí tí ó le rọ́pò rẹ̀, títí ó fi di pé àwọn kan ń wí pé ọkọ̀ náà ṣì ni, tí àwọn mìíràn sì ń fi gbogbo ẹnu sọ pé kì í ṣe òun mọ́. Ní ọdún 1655, Thomas Hobbes, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún dá kún ọ̀rọ̀ náà: bí ẹnì kan bá ń ṣa àwọn pákó tí a yọ jọ, tí ó sì tò wọ́n padà bí wọ́n ti wà rí, èwo nínú méjèèjì ni ọkọ̀ Theseus? Ìbéèrè ńlá ni, n kò sì fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jọ mí lójú pé nínú gbogbo iyàn náà, wọn kò pe ẹni tí ó di òòlù mú kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀.

Ẹni tí èmi yóò pè ni Joshua Slocum, ọmọ Nova Scotia tí a bí ní ọdún 1844, ọ̀gá ọkọ̀ tí ó fi ìgbòkun la òkun já, òkun alagbalúgbú, ọba omi tí í gba gbogbo odò lálejò tí ilé rẹ̀ kì í kún, kí ọkọ̀ elééfín tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ńlá rẹ̀, Aquidneck, fọ́ sí etíkun Brazil ní ìparí ọdún 1887. Kò jókòó sunkún. Ó kan ọkọ̀ kékeré mìíràn níbẹ̀ láti fi gbé aya àti ọmọ rẹ̀ relé, ó sì sọ ọ́ ní Liberdade, èyí tí í ṣe Òmìnira, nítorí pé ọjọ́ kẹtàlá oṣù Karùn-ún ọdún 1888 tí ó sọ ọ́ sómi náà ni òfin tú àwọn ẹrú Brazil sílẹ̀, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wà nínú ọ̀pọ̀ wọn ní Bahia. Mo mẹ́nu bà á kí a lè mọ irú ọwọ́ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1892, nígbà tí kò sí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Eben Pierce, tí ó ti jẹ́ ọ̀gá àwọn apẹja àbùùbùtán, fi ọkọ̀ kan ta á lọ́rẹ ní Fairhaven, ní Massachusetts. Inú pápá ni Slocum ti bá a, ó jìnnà sí omi iyọ̀, wọ́n fi igi tì í kí ó má baà ṣubú, wọ́n sì fi aṣọ bò ó. Àwọn aládùúgbò ní láti ọdún kìíní ni a ti kàn án. Spray ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ tú u palẹ̀, ó ní rárá, òun yóò tún un kàn ni. Wọ́n tún bi í bóyá èrè wà nínú rẹ̀. Ó gé igi óákù tí ó wà nítòsí lulẹ̀, ó fi ṣe igi ìdí tí gbogbo ara ọkọ̀ gùn lé. Ó fi ooru omi rọ àwọn igi ìhà rẹ̀ títí wọ́n fi tẹ̀. Ó fi pákó páìnì láti Georgia, tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ íńṣì kan àbọ̀, bò ó lára. Ó fi òwú dí ojú ìpàdé pákó, ẹni tí ń kọjá sì sọ fún un pé òwú náà yóò yọ. Ó wá fi ọ̀dà bàbà kun ìsàlẹ̀ rẹ̀. Oṣù mẹ́tàlá ni iṣẹ́ náà gbà, dọ́là 553 àti sẹ́ǹtì 62 ni ó sì ná sórí ohun èlò. Nígbà tí ó parí, kò sí pákó kan tí ènìyàn lè nawọ́ sí kí ó wí pé èyí ni ti àtijọ́.

Síbẹ̀ Spray náà ni ó ń pè é. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1900, ó jẹ́wọ́ pé ìyípadà náà lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí kò rọrùn láti mọ ibi tí ti àtijọ́ parí sí, ó sì gbára lé ìlànà àwọn ọlọ́kọ̀ ní Lloyd's, tí kì í gba orúkọ lọ́wọ́ ọkọ̀ nítorí àtúnṣe. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwọn kan yóò wí pé àìlówó ló fà á; èmi sì gbà gbọ́ pé àìlówó a máa dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sí. Olówó lè pàṣẹ pé kí a tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohun tí yóò rí gbà sì lè dára ju ti ìṣáájú lọ. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà tí ti àtijọ́ tú tán àti ìgbà tí tuntun dé, kò sí ibi tí ọkọ̀ náà wà láyé. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ju ti pákó mẹ́ta lọ, pákó mẹ́ta ni yóò yọ. Àwọn tí ó kù ni yóò di ìrísí ọkọ̀ mú, tí wọn yóò sì júwe fún tuntun bí yóò ti tẹ̀ àti ibi tí yóò forí lé. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, ó ń di ọṣẹ.

Ohun tí ó so ọkọ̀ àná mọ́ tòní, lójú tèmi, ni ìtọ́jú tí okùn rẹ̀ kò já. Nítorí náà ni aṣọ tí wọ́n fi bo Spray nínú pápá àti igi tí wọ́n fi tì í fi ṣe pàtàkì sí mi ju óákù tuntun lọ: ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kò lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wo agbo ilé àwọn baba wa. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀ nígbà kan, ó wá di páànù. Ògiri tí ó wó, a mọ ọ́n padà. Ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ dó ti di ará ọ̀run. Síbẹ̀ nígbà tí ìyá àgbà bá ń ki ọmọ ilé náà ní òwúrọ̀, kò sí ẹni tí í bi í pé ilé wo ni.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ẹ̀sìn. Ara ọmọdé kọ́ ni àgbàlagbà gbé rìn; a ti pààrọ̀ rẹ̀ láìmọ̀. Yorùbá kò sì fi ìgbà kan wí pé ara ni ènìyàn: orí tí a yàn ní ọ̀run ni ó ń tẹ̀lé wa láti ìkókó dé ogbó. Àwọn tí ń retí àjíǹde, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, ni ìbéèrè yìí tún le fún jù lọ: ara tí ó ti di erùpẹ̀, tí erùpẹ̀ rẹ̀ ti di koríko, báwo ni yóò ṣe jí ní ẹni náà? Èmi kò gbà pé ó di dandan kí a ṣa erùpẹ̀ náà jọ ní hóró kọ̀ọ̀kan. Bí Ẹlẹ́dàá, Ọba tí kì í sùn, Ọba tí kì í tòògbé, kò bá fi ìgbà kan gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára wa, ọwọ́ náà ni a fi jẹ́ ọ̀kan, láti ọjọ́ tí a ti dá wa títí dé ọjọ́ tí yóò pè wá.

Hobbes lè dìde kí ó wí pé ẹni tí ń ṣa pákó jíjẹrà jọ náà ní ìtọ́jú tirẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó he pákó àkọ́kọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì bá pákó ọ̀hún nílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹlòmíràn ti jù ú nù.

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹrin ọdún 1895, Slocum fi Boston sílẹ̀ nínú Spray, òun nìkan; ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà ọdún 1898 ó gúnlẹ̀ sí Newport, lẹ́yìn ìrìnàjò tí ó ju ẹgbàá mẹ́tàlélógún máìlì lọ, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó dá nìkan tukọ̀ yí ayé ká. Lẹ́yìn náà ni òun àti Spray bọ́ sójú òkun tí a kò sì rí wọn mọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń kan ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ àti ìrísí rẹ̀ bá ti Spray mu régí, nínú wọn sì ni ọkọ̀ rere wà tí ó lọ sí ọ̀nà jíjìn tí ó sì bọ̀. Ìrísí kò yàtọ̀. Ẹ̀yà igi lè má yàtọ̀. Síbẹ̀ n kò rò pé ẹni tí ó ni ọ̀kan nínú wọn yóò wí pé ọkọ̀ tí Pierce fi tọrẹ ni ó wà lọ́wọ́ òun.