Ìtàn tí mo fi pamọ́

Ọmọbìnrin mi ń ka ìtàn Amẹ́ríkà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Woolwich. Ó ń sọ fún mi nípa Emmett Till, ọmọ ọdún 14 tí wọ́n pa ní Mississippi ní 1955. Omi lé ròrò sójú ẹ̀. Èmi náà ń mirí.

Bẹ́ẹ̀ ní 1991, ní Thamesmead wa níbí, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun gún Rolan Adams pa. Ọmọ ọdún 15 ni. Al Sharpton fò wá láti Amẹ́ríkà nítorí ẹ̀. Mo mọ̀, mi ò sọ fún un rí, kó má baà máa bẹ̀rù àtiwọ bọ́ọ̀sì. Mo pè é ní ààbò. Ṣé ẹni tí wọn ò sọ fún pé ejò wà lọ́nà ni wọ́n dáàbò bò?

“Mọ́mì, ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbí rí?”

Mo ní kó jẹun ná.