Ta Ló Ń Wo Ọkàn Sàn: Orin ni àbí Olórin?
Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní sọ pé nígbà tí Dáfídì bá ta dùùrù, ara Sọ́ọ̀lù á tù ú. Níbẹ̀, aláìsàn kàn ń gbọ́ ni. Ní 1959, Paul Nordoff, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣẹ̀dá orin, àti Clive Robbins, olùkọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà, gba ọ̀nà mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọmọ bá lu ìlù, píánò á dá a lóhùn. Bó bá sáré, píánò á sáré tẹ̀ lé e. Bó bá dákẹ́, píánò á dúró dè é. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ wá di ẹni tí wọ́n ń gbọ́. Lójú Nordoff àti Robbins, ìwòsàn wà láàárín ẹni méjì tó jọ ń ṣe orin.