Àìrí Kì Í Ṣe Àìsí

Bí a bá pa fáìlì rẹ́ lórí háàdì dìráìfù, ṣé ó ti di asán nìyẹn? Rárá. Orúkọ rẹ̀ àti ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ni kọ̀ǹpútà gbàgbé. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣì wà lójú àwo náà títí ohun mìíràn yóò fi gorí rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí fáìlì ìwé ilẹ̀ rẹ̀ bá sọnù báyìí, kó pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀nà ló kọ́kọ́ ń sọnù. Ọwọ́ àwa fúnra wa ló sábà máa ń ba ohun náà gan-an jẹ́.

Ẹnìkan lè takò mí pé SSD, ìyẹn dìráìfù tí kò ní àwo, kò rí bẹ́ẹ̀, pé àṣẹ TRIM lè mú kó nu àyè náà mọ́ kíákíá. Òótọ́ ni, àtakò náà sì wúwo. Àmọ́ ohun tó fi hàn ni pé ojúṣe wa ti bẹ̀rẹ̀ kí àdánù tó dé. Ìmọ̀ tó wà lórí ènìyàn náà rí bẹ́ẹ̀. Odù Ifá 256, tí UNESCO kéde ètò Ifá dídá tó rọ̀ mọ́ wọn ní 2005 pé ó jẹ́ iyebíye fún aráyé, orí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni àwọn ẹsẹ wọn ń gbé. Ẹsẹ tí babaláwo kan ṣoṣo mọ̀, tí kò kọ́ ọmọ awo kankan, bá a wọ sàréè ni. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ bá kà sí iyebíye, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn lónìí.