Fíìmù Àgbéléwò àti Àwọn Ọmọ Wa



Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ta ni ń bá àwọn ọmọ wa jókòó nígbà tí a bá wà ní ìdí ààrò? Ọ̀pọ̀ wa a máa tan fíìmù fún wọn kí ilé lè pa rọ́rọ́. Bí ó bá jẹ́ fíìmù onígbàgbọ́, ọkàn wa a balẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àjẹ́ àti òkùnkùn ni ọmọ yóò kọ́kọ́ rí níbẹ̀. Ìparí ni Jésù máa ń ṣẹ́gun. Ọmọ ọdún mẹ́rin ti sùn lọ kí ìṣẹ́gun tó dé. Ẹ̀rù nìkan ni ó bá a wọ inú oorun.

Láti 1993 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ tí ń yẹ fíìmù wò sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí a bá rí 12, 15 tàbí 18 lára fíìmù, ọjọ́ orí ni wọ́n ń sọ. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ kò mọ ọmọ wa bí àwa ti mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wò ó fúnra wa, kí a fi Fílípì 4:8 wọ̀n ọ́n. Bí ó bá yẹ, kí a jókòó tì wọ́n títí dé òpin. Bí ó bá ń dẹ́rù bà wọ́n, kí a pa á, kí a gbé wọn mọ́ra, kí a sì bá wọn gbàdúrà.

Ìkáwọ́ wa ni Ọlọ́run fi wọ́n sí, kì í ṣe ìkáwọ́ tẹlifísọ̀n. Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti tọ́ wọn. Àmín.