Àgbà Lórí Pápá Treichville

Ní Treichville, àdúgbò kan ní Abidjan lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, níbi tí àwọn ọmọ Èjìgbò ti tẹ̀dó tipẹ́, eré maracana kì í ṣe ti ọ̀dọ́ nìkan. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni, àmọ́ pápá rẹ̀ kéré, ojú ilé rẹ̀ kéré, àwọn tí irun wọn ti ń funfun sì ń gbá a. Lójú àwọn kan, kò bójú mu: kí ni ẹni tó ti ní ọmọ-ọmọ ń wá nídìí bọ́ọ̀lù, nígbà tó yẹ kó jókòó ti tẹ̀sùbáà rẹ̀? Ìbéèrè ẹ̀sìn gidi ni, ọ̀wọ̀ ló yẹ ká fi dá a lóhùn. Mùsùlùmí àti Kristẹni jọ gbà pé Ọlọ́run ló ni ara, Ó kàn fi sí wa níkàáwọ́ ni. Ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ máa ní kí àgbà sinmi nìyẹn, kó má ba ohun olóhun jẹ́. Ṣùgbọ́n èrò yẹn ka ara sí wúrà inú àpótí. Wúrà tí a kò fọwọ́ kàn kì í dín. Iṣan tí a kò lò ń joro, egungun tí kò ru nǹkan kan ń dẹ̀. Ẹni tó bá fi ìjókòó nìkan ṣọ́ ara ti jẹ́ kó bàjẹ́ sí i lọ́wọ́. Abájọ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí ẹni tó ti lé lọ́dún 65 pàápàá máa lo ara fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀, kó sì fi ìdárayá tí kì í jẹ́ kéèyàn ṣubú kún un.

Wọ́n á ní àwọn kan ti ṣubú lórí pápá, wọn ò sì dìde mọ́. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ sì ni. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò dé ọ̀dọ̀ dókítà, tó tún fẹ́ sáré bí ọmọ ogún ọdún, òun náà ń ṣi ohun olóhun lò. Kò sì sídìí tí àgbà fi ní láti sáré bẹ́ẹ̀. Laurent Pokou, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Abidjan, gbá góòlù márùn-ún wọlé Ethiopia nínú ìdíje Ife Ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1970. Góòlù 14 ló gbá lápapọ̀ nínú gbogbo ìdíje Ife náà tó kópa nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ju bẹ́ẹ̀ títí Samuel Eto'o fi kọjá rẹ̀ lọ́dún 2008. Irú iye bẹ́ẹ̀, ti ìgbà èwe ni, ẹlòmíì á sì gbà á. Kì í ṣe iye bẹ́ẹ̀ ni àgbà Treichville ń lé, nítorí náà kò sí ìtìjú nínú pápá kékeré àti ẹsẹ̀ tí kò yá mọ́. Ní ti tẹ̀sùbáà, eré àárọ̀ kò dí i lọ́wọ́; orúnkún tó ń sáré náà la fi ń foríkanlẹ̀. Ẹni tí àìsàn bá sì ti gba orúnkún lọ́wọ́ rẹ̀, Ìsìláàmù gbà á láyè kó kírun lórí ìjókòó, ìrun rẹ̀ sì pé. Bó ṣe yẹ ká ṣe sí i nídìí eré náà nìyẹn: ká fún un ní fèrè, kó máa ṣe rẹfirí.